Fóònù Tíṣà Albert Yadi

Ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́tà kò ju ibi tí tábìlì kan àti àga méjì lè gbà lọ, ní ẹ̀bá ọ̀nà kan ní Ìgbẹ̀bá, Ìjẹ̀bú-Òde. Fóònù ló ń tún ṣe níbẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Tíṣà Albert wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tó máa ń mọ ìdáhùn kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè. Ẹ gbàgbé èmi tí mò ń ròyìn, àwọn méjèèjì ni kí ẹ gbọ́.

TÍṢÀ ALBERT: Ìwọ lò ń tún fóònù ṣe?

RÀMỌ́TÀ: Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó.

TÍṢÀ ALBERT: Mi ò jókòó. Ẹni tó bá jókòó sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ á pẹ́ níbẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ló kú. Yọ ọ́, fi òmíràn sí i, kí n máa lọ.

*(Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ràmọ́tà tẹ̀ ẹ́. Iná rẹ̀ tàn yòò.)*

RÀMỌ́TÀ: Bátìrì yìí kò kú, sà. Ó kún dẹ́nu.

TÍṢÀ ALBERT: Ṣé o rí i? Ó ti kún jù. Ẹni tó bá yó jù kì í lè sọ̀rọ̀. Dín in kù.

RÀMỌ́TÀ: A kì í dín bátìrì kù, sà. Kí ló ń ṣe é gan-an?

TÍṢÀ ALBERT: Ó yadi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò dún. Èmi tí mo kọ́ ìdajì ìlú yìí ní A, B, D. Tẹ́lẹ̀ rí, kí n tó bọ́jú láàárọ̀, fóònù yìí á ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní báyìí, àkùkọ ilé kejì nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí kì í bá ṣe bátìrì, a jẹ́ pé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà lọ́nà Mọ̀lípà ti wó.

RÀMỌ́TÀ: Kò wó, sà. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí.

TÍṢÀ ALBERT: O gba ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú ló ti wó.

RÀMỌ́TÀ: Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù tèmi pè yín wò. Ẹ pe nọ́ńbà yín fún mi.

*(Tíṣà Albert pe nọ́ńbà rẹ̀, Ràmọ́tà sì tẹ̀ ẹ́. Fóònù Tíṣà Albert dún, ó ń gbọ̀n títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí tábìlì. Tíṣà Albert sáré gbé e sétí.)*

TÍṢÀ ALBERT: Háló. Tíṣà Albert ló ń sọ̀rọ̀. Mo wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Pè mí tó bá yá.

*(Ó pa á.)*

RÀMỌ́TÀ: Èmi ni, sà.

TÍṢÀ ALBERT: Ìwọ ni ta?

RÀMỌ́TÀ: Èmi ni mo pè yín.

TÍṢÀ ALBERT: Kí lo wá ń pè mí sí? Ṣé o ò rí mi níwájú rẹ ni?

RÀMỌ́TÀ: Mo fi dán an wò ni, sà. Ó ń dún, ó sì ń gbọ́ràn. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín.

TÍṢÀ ALBERT: Mo ti mọ̀ ọ́n. Rárá, kò já sínú omi.

RÀMỌ́TÀ: Kì í ṣe ìyẹn...

TÍṢÀ ALBERT: Ọmọdé kankan ò sì fi ṣeré.

RÀMỌ́TÀ: Ṣé ẹ...

TÍṢÀ ALBERT: Mò ń nu ojú rẹ̀ ní àràárọ̀. Máa báṣẹ́ lọ.

*(Ràmọ́tà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó nawọ́ sí páálí kan tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri.)*

RÀMỌ́TÀ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka ohun tó wà níbẹ̀ yẹn.

TÍṢÀ ALBERT: "Kí o tó fèsì, sọ ohun tí mo wí." Ìkọ̀wé ẹ dáa. Ta ló kọ́ ẹ?

RÀMỌ́TÀ: Yunifásítì tó wà ní Ìjagun ni mo ti kàwé, sà. Físíìsì ni mo kọ́.

TÍṢÀ ALBERT: Físíìsì, o wá ń tún fóònù ṣe?

RÀMỌ́TÀ: Àwọn tí a jọ kàwé jáde ń retí iṣẹ́ ìjọba. Èmi ń retí oníbàárà, wọ́n sì ń dé. Òfin ṣọ́ọ̀bù mi lẹ kà yẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, oníbàárà á kọ́kọ́ sọ ohun tí mo wí padà fún mi, láìfi tirẹ̀ kún un. Tí mo bá ti ní "bẹ́ẹ̀ ni mo wí," ó lè wá fèsì. Tó bá wù ú kó bú mi, kó bú mi.

TÍṢÀ ALBERT: Irú òfin wo nìyẹn?

RÀMỌ́TÀ: Lọ́dún tó kọjá, fóònù ìyá kan já sínú omi. Mo ní kó lọ rì í sínú ìrẹsì kó lè gbẹ. Mo fẹ́ fi kún un pé kó má se ìrẹsì náà o, ó ní òun ti gbọ́, ó ti dé títì. Nígbà tó gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì, ata wà lára rẹ̀.

TÍṢÀ ALBERT: Ṣé o rí i tún ṣe?

RÀMỌ́TÀ: Mo fọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná báyìí, ebi á máa pa ẹni tó bá ń fi í sọ̀rọ̀.

TÍṢÀ ALBERT: Èmi kì í ṣe irú ìyá yẹn. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Èmi ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ padà fún.

RÀMỌ́TÀ: A jẹ́ pé ẹ ti mọ iṣẹ́ náà nìyẹn, sà. Kò ní nira. Mo ní: fóònù yìí kò bàjẹ́.

TÍṢÀ ALBERT: O ní o ò mọ ohun tó bà á jẹ́.

RÀMỌ́TÀ: Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Mo ní: fóònù yìí kò bàjẹ́.

TÍṢÀ ALBERT: O ní fóònù yìí kò bàjẹ́ púpọ̀.

RÀMỌ́TÀ: Kò sí "púpọ̀" níbẹ̀, sà.

TÍṢÀ ALBERT: O ní kò bàjẹ́, àmọ́...

RÀMỌ́TÀ: Kò sí "àmọ́."

*(Òógùn ń yọ lórí imú Tíṣà Albert. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì sọ̀rọ̀ fún àwọn tó panu mọ́, kò rọrùn fún un láti gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dé ibì kankan láìda díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀.)*

TÍṢÀ ALBERT: O ní... fóònù yìí... kò bàjẹ́.

RÀMỌ́TÀ: Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ẹ ṣeun, sà.

TÍṢÀ ALBERT: Kò bàjẹ́?

RÀMỌ́TÀ: Kò bàjẹ́ rárá.

*(Tíṣà Albert tó ní òun ò ní jókòó fa àga, ó jókòó.)*

TÍṢÀ ALBERT: Bí kò bá bàjẹ́, a jẹ́ pé wọn ò pè mí ni.

RÀMỌ́TÀ: Ta ni ẹ ń retí, sà?

TÍṢÀ ALBERT: Mi ò retí ẹnì kankan.

*(Ràmọ́tà ti fóònù náà padà síwájú rẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà Albert kò gbé e.)*

TÍṢÀ ALBERT: Ọmọ mi ni. Déọlá. Ìmùsin ló wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, Usamah. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Ìyá rẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kó lè wà nítòsí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti bí, kò sẹ́ni tó sọ pé kò tíì bí. Mo dá nìkan wà nílé, gàrí ni mò ń mu, mo gbé fóònù síwájú, mò ń wò ó.

RÀMỌ́TÀ: Ẹ̀yin ò wá pè wọ́n?

TÍṢÀ ALBERT: Kí n pè wọ́n kí n ní kí ni? Àgbà kì í pe ènìyàn béèrè pé ṣé ẹ ti bí i. Wọ́n máa ń gbé ìròyìn ọmọ wá bá àgbà ni. Wọn ò gbé e wá. Wọ́n ti pa mí tì, gbogbo wọn. Nítorí tiransifọ́mà.

RÀMỌ́TÀ: Tiransifọ́mà kẹ̀?

TÍṢÀ ALBERT: Wọ́n fẹ́ gbé tiransifọ́mà tuntun wá sí àdúgbò wa. Àwa ará òkè ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni àwọn fẹ́. Àwọn oníná ní kí a lọ fohùn ṣọ̀kan, kí a tó pe àwọn. Títí di òní, ará òkè kì í kí ará ìsàlẹ̀, òkùnkùn sì bo òkè àti ìsàlẹ̀. Olórí wọn ló burú jù. Kàmọ́rù kan báyìí, oníṣòwò pákó. Olóríkunkun ni, kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

RÀMỌ́TÀ: Mo mọ̀ ọ́n, sà.

TÍṢÀ ALBERT: Ṣé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn?

RÀMỌ́TÀ: Rárá, sà. Orí rẹ̀ kunkun. Bàbá mi ni.

*(Tíṣà Albert fi ìka kan pákó tábìlì náà wò.)*

TÍṢÀ ALBERT: Pákó rẹ̀ dáa ṣá.

RÀMỌ́TÀ: Màá bá yín sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n wo inú fóònù yìí dáadáa.

*(Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ojú rẹ̀ yí padà.)*

RÀMỌ́TÀ: Sà, àwọn mẹ́tàdínlógójì wà níbí.

TÍṢÀ ALBERT: Mẹ́tàdínlógójì kí ni? Kòkòrò?

RÀMỌ́TÀ: Ènìyàn, sà. Wọ́n ti bílọ́ọ̀kì wọn. Bí wọ́n bá pè, fóònù yìí ò ní dún. Bí wọ́n bá kọ nǹkan ránṣẹ́, ẹ ò ní rí i.

TÍṢÀ ALBERT: O ní àwọn mẹ́tàdínlógójì kan ló para pọ̀ ba fóònù mi jẹ́.

RÀMỌ́TÀ: Mi ò wí bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ ALBERT: O ní ẹnì kan ló ti ènìyàn mẹ́tàdínlógójì mọ́ta.

RÀMỌ́TÀ: Ó súnmọ́ ọn. Ta ni ẹnì kan yẹn, sà?

TÍṢÀ ALBERT: Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Ìwọ lo kọ́ físíìsì.

RÀMỌ́TÀ: Ẹ̀yin ni, sà.

TÍṢÀ ALBERT: O ní... èmi ni.

RÀMỌ́TÀ: Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.

TÍṢÀ ALBERT: Àá, ibi pupa yẹn. Kí ló dé tí o ò tètè sọ? Ẹni tó ta fóònù fún mi ló fi hàn mí. Ó ní tí ẹnì kan bá ń dà mí láàmú, kí n tẹ ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ á pa. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìyà ráńpẹ́ ni.

RÀMỌ́TÀ: Ráńpẹ́ báwo, sà?

TÍṢÀ ALBERT: Títí di agogo méjì ọ̀sán. Ní iléèwé mi, ìyà kì í kọjá agogo méjì. Bí agogo bá ti lù, ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ á dìde, á gbọn eruku orúnkún rẹ̀, á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Tó bá di ọjọ́ kejì, mi ò tiẹ̀ ní rántí ohun tó ṣe.

RÀMỌ́TÀ: Sà, fóònù kì í lu agogo. Ẹni tí ẹ bá tì mọ́ta lónìí, ìta ló máa wà títí ayé, àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún un.

*(Tíṣà Albert wo fóònù, ó wo Ràmọ́tà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.)*

TÍṢÀ ALBERT: O ní wọ́n ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

*(Ràmọ́tà ò wí bẹ́ẹ̀ rárá. Àmọ́ nígbà tó wo ojú bàbá náà, ó gbà á fún un.)*

RÀMỌ́TÀ: Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, sà.

TÍṢÀ ALBERT: Ka orúkọ wọn fún mi.

RÀMỌ́TÀ: "Ìyá Déọlá."

TÍṢÀ ALBERT: Ìyàwó mi. Ó ní mò ń hanrun.

RÀMỌ́TÀ: Ṣé ẹ máa ń hanrun ni?

TÍṢÀ ALBERT: Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo máa ń sùn nígbà náà.

RÀMỌ́TÀ: "Olúyọmí Akọ̀wé Ìjọ."

TÍṢÀ ALBERT: Ó ní ìwàásù tí mo ṣe lọ́jọ́ ìkórè ti gùn jù.

RÀMỌ́TÀ: Báwo ló ṣe gùn tó, sà?

TÍṢÀ ALBERT: Kò gùn. Àwọn kan lọ sílé lọ jẹun, wọ́n padà wá bá mi lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò gùn.

RÀMỌ́TÀ: "Matilda, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

TÍṢÀ ALBERT: Àbúrò mi obìnrin. Ó jókòó sínú ilé mi, ó ń mu gàrí mi, ó wá ní gàrí tiwọn ní Ifẹ̀ kan ju tiwa lọ.

RÀMỌ́TÀ: Òótọ́ ló sọ, sà. Tiwọn kan jù.

*(Tíṣà Albert na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka wá nǹkan lójú rẹ̀.)*

RÀMỌ́TÀ: Kí lẹ ń wá?

TÍṢÀ ALBERT: Nọ́ńbà tí o fi pè mí lẹ́ẹ̀kan.

*(Ràmọ́tà fọgbọ́n gba fóònù náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.)*

RÀMỌ́TÀ: "Kàmọ́rù Ará Ìsàlẹ̀."

TÍṢÀ ALBERT: Ẹni yẹn... Kí inú má bí ẹ o. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní ibi tí mo wí kò dáa. Ìyẹn ti tó mi.

RÀMỌ́TÀ: Ó ṣì wà níbí. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́ èyí tó kù?

TÍṢÀ ALBERT: Mo ti mọ èyí tó kù.

*(Ràmọ́tà nawọ́ sí páálí ara ògiri. Tíṣà Albert mí kanlẹ̀. Ràmọ́tà tẹ̀ ẹ́, ohùn ọkùnrin kan tó kẹ̀ díẹ̀ jáde: "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí ẹ wí yẹn, kò dáa...")*

TÍṢÀ ALBERT: Ṣé o gbọ́? Pa á.

*(Ràmọ́tà gbé fóònù jìnnà sí i. Ohùn náà ń bá a lọ: "...lójú àwọn ọ̀dọ́ wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò àná, mo kó gbogbo wọn lọ síbẹ̀. Omi dúró lọ́dọ̀ tiwa, tiyín gbẹ táútáú. A rí i pé òótọ́ lẹ sọ. A ti gbà, Tíṣà. Ẹ kàn dá mi lóhùn, kí a jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníná. Ẹ bá mi kí Ìyá Déọlá." Lẹ́yìn ìyẹn, ó kí gbogbo ará ilé títí dórí ewúrẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́rin náà lọ.)*

TÍṢÀ ALBERT: Kí ló wí?

RÀMỌ́TÀ: Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, sà.

TÍṢÀ ALBERT: Ó ní òótọ́ ni mo sọ.

RÀMỌ́TÀ: Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

TÍṢÀ ALBERT: Ó ní wọ́n ti gbà. Mo wá ń bá ẹni tó ti gbà fún mi jà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń fi àtùpà wá ṣíbí gàrí nínú òkùnkùn, nítorí ohun tí mo ti borí rẹ̀.

RÀMỌ́TÀ: Bàbá mi náà ń fi àtùpà jẹun ni. Ó ní ó dájú pé òun ti ṣẹ Tíṣà, òun ò kàn mọ ohun tí òun ṣe.

*(Tíṣà Albert fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Ràmọ́tà ka àwọn orúkọ yòókù títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ìsàlẹ̀.)*

RÀMỌ́TÀ: Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì kà.

TÍṢÀ ALBERT: Mo mọ̀. Má kà á.

RÀMỌ́TÀ: "Déọlá Ọmọ Mi."

TÍṢÀ ALBERT: Ọjọ́ tí bàbá rẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ náà ni. Mò ń jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo àdúgbò lórí Wásáàpù, Déọlá bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Kàmọ́rù sọ̀rọ̀ tán." Gbólóhùn kan péré. Mo ní ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé kíkà ló wá ń kọ́ mi ní ìwà báyìí. Mo tẹ ibi pupa. Mo rò pé tó bá fi máa di agogo méjì, ọ̀rọ̀ náà á ti tán nílẹ̀.

*(Àánú bàbá náà ṣe Ràmọ́tà gidi. Ó rọra fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.)*

RÀMỌ́TÀ: Sà, ohun tí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta bá kọ ránṣẹ́, fóònù kì í dà á nù. Ó ní àpò kan tó ń kó wọn pamọ́ sí. Ṣé kí n tú u wò?

TÍṢÀ ALBERT: Tú u.

RÀMỌ́TÀ: Ti Déọlá nìyí. "Bàbá mi, a ti dé ọsibítù. Ẹ bá mi gbàdúrà." Alẹ́ Fúráìdé tó kọjá nìyẹn.

TÍṢÀ ALBERT: Mi ò gbàdúrà. Mi ò mọ̀.

RÀMỌ́TÀ: Ọjọ́ kejì. "Bàbá mi, mo ti bí. Ọkùnrin ni. Iwájú orí yín ló gbé wá."

*(Ọwọ́ Tíṣà Albert lọ sí iwájú orí rẹ̀ fúnra rẹ̀.)*

RÀMỌ́TÀ: Ọjọ́ Àìkú. "Bàbá mi, Usamah ní òun dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ní ojú fèrèsé lẹ ti bá òun sọ̀rọ̀ tiransifọ́mà fún odindi wákàtí kan, ẹ sì ti fèrèsé. Kí ni a fi ṣẹ̀ yín?"

TÍṢÀ ALBERT: Ó wá lóòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, ó ní, "Bàbá, mo mú ìròyìn wá." Mo ní mo ti mọ ìròyìn tó mú wá, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló rán an sí mi. Nígbà tí mo máa fi sọ tèmi tán, ó ti rẹ̀ ẹ́.

RÀMỌ́TÀ: Ìròyìn ọmọ ló mú wá, sà.

TÍṢÀ ALBERT: Mo mọ̀ báyìí.

RÀMỌ́TÀ: Ó ku ọ̀kan. Òwúrọ̀ yìí ló fi ránṣẹ́. "Bàbá mi, òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Agogo mẹ́wàá ni a máa sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá Usamah ní ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ fún un, kí Àáfà tó sọ tiwọn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa wá."

TÍṢÀ ALBERT: Agogo mélòó ló lù?

RÀMỌ́TÀ: Mẹ́sàn-án ààbọ̀.

*(Tíṣà Albert dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà lọ, ó padà wá nítorí pé ó gbàgbé fóònù, ó tún ń lọ láìmú un.)*

RÀMỌ́TÀ: Sà, ẹ kọ́kọ́ pè é, kí wọ́n lè dúró dè yín. Mo ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn.

TÍṢÀ ALBERT: Òótọ́ ni. Màá ṣàlàyé fún un. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ra fóònù yìí...

RÀMỌ́TÀ: Sà.

TÍṢÀ ALBERT: Kí ni màá wá sọ?

RÀMỌ́TÀ: Ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kàn gbé e sétí. Èmi á lọ wá ọ̀kadà fún yín.

*(Ràmọ́tà tẹ nọ́ńbà náà, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́, ó jáde sẹ́bàá títì. Ó ku Tíṣà Albert nìkan pẹ̀lú iṣẹ́ tó le jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á sí iṣẹ́ tíṣà.)*

TÍṢÀ ALBERT: Déọlá. Èmi ni...

*(Ohùn obìnrin kan gba inú fóònù, ó ń yára sọ̀rọ̀. Tíṣà Albert la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún la ẹnu, ó fi ọwọ́ bò ó.)*

TÍṢÀ ALBERT: O ní o ò mọ̀ bóyá mo wà láyé... Hẹ̀n-ẹ́n... O ní ìgbà tí ìrọbí mú ẹ, èmi lo kọ́kọ́ pè... O ní ó dùn ẹ́... O ní ó dùn ẹ́ gan-an. Mo gbọ́ ọ. "Gan-an" yẹn wà níbẹ̀... O ní àwọn àlejò ti jókòó... O ní ìyá ẹ ní mò ń hanrun síbẹ̀síbẹ̀, òun ò ní yí ọ̀rọ̀ náà padà... Mo gbọ́... Ṣé o ti sọ ọ́ tán? Ṣé kò kù síbì kan?... Mo ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mo ṣẹ ìyá ẹ, mo ṣẹ Usamah. Dárí jì mí. Ohun tí mo ní láti sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*(Ẹni tó bá mọ Tíṣà Albert á mọ̀ pé kò sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré. Ó ṣì gbé fóònù sétí. Ràmọ́tà sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ.)*

RÀMỌ́TÀ: Sà, mo ti rí ọ̀kadà. Ó ní tí ẹ bá jáde báyìí, ogún ìṣẹ́jú ti tó dé Ìmùsin. Ẹ jẹ́ ká...

*(Tíṣà Albert na ìka kan sókè.)*

TÍṢÀ ALBERT: Sùúrù. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

RÀMỌ́TÀ: Déọlá ṣì ń sọ̀rọ̀ ni?

TÍṢÀ ALBERT: Déọlá ti sọ tiẹ̀ tán. Ó ti gbé fóònù sẹ́nu ọmọ.

*(Lóòótọ́, igbe ọmọ tuntun ló ń jáde nínú fóònù náà, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, kò sì ṣetán láti dákẹ́. Tíṣà Albert dorí kodò, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́kadà fọn fèrè níta.)*

RÀMỌ́TÀ: Kí ló ń sọ, sà?

TÍṢÀ ALBERT: Ó ní mo ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí, mi ò fi tèmi kún un.